Òkúta ìpọ́nbẹ olómi ti Jàpáànù: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra òkúta ìpọ́nbẹ ti àwọn ará Jàpáànù, nọ́ńbà ló kọ́kọ́ máa ń dàrú mọ́ ọn lójú: 220, 400, 1000, 3000, 6000, 8000. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ní kí n bá òun yan òkúta ni pé: omi ńkọ́? Ṣé ẹ ó lè rẹ òkúta sínú omi fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbí bí ọ̀bẹ bá ṣe kújú báyìí lẹ fẹ́ fi kan òkúta, kí ẹ sì padà sídìí oúnjẹ tí ẹ ń sè? Ìdáhùn yín ló máa sọ irú òkúta tó bá yín mu. Ẹ lè ra èyí tó dára jù lọ, bí wàhálà omi rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ẹ máa gbé e jáde nínú àpótí, ọ̀bẹ yín á wà ní kíkújú bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Bí hóró inú òkúta ṣe kúnná tó ni nọ́ńbà ń sọ. Bó bá ṣe ń ga ni hóró ń kúnná sí i. Àwọn ará Jàpáànù pín òkúta sí mẹ́ta. Arato ni èyí tí hóró rẹ̀ tóbi, tí wọ́n fi ń tún ọ̀bẹ tó ti ya lẹ́nu ṣe. Nakato ni ti àárín, ní àyíká 800 sí 2000. Shiageto ni ti àṣekágbá, láti 3000 sókè.

Ẹ ṣọ́ra níbí o: nọ́ńbà kan náà lè yàtọ̀ láti ìwọ̀n kan sí ìkejì. Ìwọ̀n JIS, ìyẹn ìlànà iléeṣẹ́ ti Jàpáànù, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Lórí òkúta onígíláàsì ti ilé-iṣẹ́ Shapton, 14.7 micron ni wọ́n pe hóró 1000 (1 micron jẹ́ ìdá kan nínú 1000 mìlímítà). Lórí ìwọ̀n Yúróòpù, hóró F1000 jẹ́ bíi 4.5 micron, P1000 ti sáńpépà sì jẹ́ bíi 18. Ẹni tó bá rò pé 1000 ni gbogbo 1000, ohun tó rà lè kúnná ní ìlọ́po mẹ́ta ju ohun tó ń wá lọ.

Bó bá jẹ́ òkúta kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà, 1000 ni kí ẹ rà. Ọ̀bẹ tó ti kújú, á sọ ọ́ di mímú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnu tó bá sì fi sílẹ̀ á gé èèpo tòmátò láìyọ̀ lórí rẹ̀.

Mẹ́rin tí gbogbo wọn jẹ́ 1000

King 1000 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Òkúta pupa rúsúrúsú ni, rírẹ ni wọ́n sì ń rẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú abọ́ omi, ẹ ó rí afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tí á máa rú jáde lára rẹ̀. Ìgbà tí èyí bá dáwọ́ dúró, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ló mu omi yó. Ó rọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Ẹrẹ̀ máa ń yọ lójú rẹ̀ kíákíá, ẹrẹ̀ yẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń pọ́n ọ̀bẹ, nítorí náà kí ẹ má ṣàn án dànù ní gbogbo ìgbà. Rírọ̀ yìí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ máa ń gbọ́ ohun tí irin ń ṣe. Rírọ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀, torí ó máa ń tètè jin láàárín. Òun ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Suehiro Cerax 1000 náà ń fẹ́ rírẹ. Ó tètè jẹ irin ju King lọ. Ẹni tó bá ń pọ́n ọ̀bẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà lópin ọ̀sẹ̀, tí dídúró de omi kò sì ni í lára, òun ni màá júwe fún un.

Shapton Kuromaku 1000, tí wọ́n ń pè ní Shapton Pro lókè òkun, yàtọ̀ pátápátá. Aláwọ̀ ọsàn ni. Ẹ fi omi wọ́n ojú rẹ̀, ó parí. Kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú omi. Ó le, kì í tètè jin, ó sì ń gé irin dáadáa. Àpótí rọ́bà tí wọ́n gbé e sí, òun náà lẹ ó tún gbé òkúta lé lórí nígbà iṣẹ́. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni ìgbádùn ọwọ́: ó máa ń dà bí ìgbà téèyàn ń fi ọ̀bẹ ra gíláàsì, ẹni tó bá sì ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú ní ìdagun kan (bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe gbé sókè tó lójú òkúta) lè má tètè mọ̀ pé ọwọ́ òun ti yẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò ráyè, tí kò sì ní àyè púpọ̀ lórí tábìlì, kó má wulẹ̀ wò yíká mọ́.

Naniwa Chosera 1000, tí ẹ ó tún rí lórúkọ Naniwa Professional, ni ọwọ́ mi máa ń lọ bá. Fífi omi wọ́n tó o bíi ti Shapton, ṣùgbọ́n ó ń dún dáadáa lábẹ́ irin, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́. Chosera nípọn tó mìlímítà 25, Professional jẹ́ 20. Owó rẹ̀ ga. Magnesia ni wọ́n sì fi di hóró rẹ̀ pọ̀, irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ kó pẹ́ nínú omi. Mo ti fi òkúta kan tó jẹ́ irú ìdìpọ̀ yìí sínú omi mọ́jú rí, torí mo rò pé gbogbo òkúta olómi ló ń fẹ́ rírẹ. Nígbà tó gbẹ, ìlà kan bí irun orí yọ ní igun rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí nípa omi kí ẹ tó ka nọ́ńbà.

Olójú méjì ńkọ́?

King KW-65, tó jẹ́ 1000 lójú kan àti 6000 lójú kejì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ rà, ìrà náà kò sì burú. Ẹ kàn mọ̀ pé láti 1000 sí 6000 jìnnà. Bí iṣẹ́ 1000 kò bá parí, 6000 kò lè bá yín parí rẹ̀. Á kàn jẹ́ kí ọ̀bẹ tó kújú máa dán ni.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó parí? Bí ẹ bá ti pọ́n apá kan tó, irin tín-ín-rín á ká sí òdì kejì. Ojú kì í sábà rí i. Ẹ gbé ìka láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ wá sí ẹnu, kí ẹ sì fà á kọjá síta. Ẹ má ṣe fà á gba gígùn ẹnu ọ̀bẹ rárá. Bí irin náà bá ti ká, á máa kọ́ yín níka bí èékánná tó ya ṣe ń kọ́ aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ ká láti ìdí èkù dé ṣóńṣó kí ẹ tó yí ọ̀bẹ padà. Lẹ́yìn tí apá kejì náà bá ká, ẹ máa fi ọwọ́ fúyẹ́fúyẹ́ pààrọ̀ apá títí kò fi ní kọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni 6000 ṣẹ̀ṣẹ̀ ní iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ẹ kíyè sí àwọn olójú méjì tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ìgbélé oníparun àti rọ́bà tí wọ́n ń fi há ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 3000 àti 8000 sí lára. Ojú méjèèjì fi ìlà kan náà sílẹ̀ lára irin.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rà mọ́ ọn

Gbogbo òkúta olómi ló ń jin, kódà Shapton. Bí àárín bá ti jin, ìdagun ọ̀bẹ á máa yí padà bí ẹ ṣe ń tì í lọ tí ẹ ń fà á bọ̀. Ohun tí ẹ ó fi tẹ́ ẹ ṣe pàtàkì ju òkúta kejì lọ. Páànù dáyámọ́ńdì tí hóró rẹ̀ tóbi, bíi Atoma 140, ló dára jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Sáńpépà olómi lórí gíláàsì tó nípọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà bí àwọ̀n sójú òkúta, kí ẹ máa fi òkúta ra páànù tàbí sáńpépà náà títí gbogbo ìlà á fi pa rẹ́. Ibi tí ìlà bá kù sí ni ibi tó jin.

Ọ̀bẹ tí ẹ ní

Irin ọ̀bẹ ilé ìdáná ti Jámánì sábà máa ń wà ní 56 sí 58 lórí ìwọ̀n Rockwell C, tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe le tó. Púpọ̀ nínú ti Jàpáànù jẹ́ 60 sókè. Èyí tó le yìí lè gbé ìdagun kékeré, bíi dígírì 15 lápá kọ̀ọ̀kan. Dígírì 20 tọ́ sí ti Jámánì. Kò sí ẹni tó ń fojú wọn dígírì, nítorí náà ẹ wọn gíga ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tó fẹ̀ ní mìlímítà 45 láti ẹnu dé ẹ̀yìn, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi bíi mìlímítà 12 ga kúrò lójú òkúta, dígírì 15 nìyẹn. Fún 20, bíi mìlímítà 15.

Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì lẹ ní, ẹ má ra èyíkéyìí nínú àwọn òkúta wọ̀nyí, dáyámọ́ńdì ni kí ẹ wá. Ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín náà kò sí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ya irin jẹ ni. Màá kọ̀ ọ́ pátápátá fún ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ le, torí ẹnu rẹ̀ á máa ṣẹ́ ní kékèké. Ní ti òkúta àdáyébá tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní agbègbè Kyoto, wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó rí bákan náà, iye owó wọn sì lè ga gidi. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ 1000 dáadáa ná.

Ìwọ̀n òkúta: bíi mìlímítà 200 ní gígùn àti 70 ní fífẹ̀ ló rọrùn jù. Bó bá dé, kí omi tó kàn án rárá, ẹ gbé rúlà onírin dúró lójú rẹ̀ ní gígùn àti láti igun dé igun, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó ti là. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń là kọjá lábẹ́ rúlà gan-an, ẹ dá a padà nígbà tí páálí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín.