Oògùn ikú: lọ́wọ́ aláìsàn ni tàbí lọ́wọ́ dókítà?

Ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1997 ní kí dókítà 2 kọ́kọ́ jẹ́rìí pé aláìsàn tó ní òun fẹ́ kú kò lè ju oṣù 6 lọ láyé. Dókítà á kọ oògùn ikú, ṣùgbọ́n aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò mu ún. Èyí tù mí lára: àwọn kan gba oògùn náà, wọn kò fọwọ́ kàn án títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní Netherlands, láti 2002, dókítà lè gún aláìsàn tó bá bẹ̀ ẹ́ lábẹ́rẹ́ ikú. Kò pọn dandan kí ikú ti sún mọ́lé, bí ìrora bá ti kọjá ìfaradà láìsí ìrètí ìwòsàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ rí àánú níbẹ̀. Síbẹ̀, ti Oregon ni mo fara mọ́.