IL-2 Sturmovik 1946 àti ìjà orí mod: bí mo ṣe rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé géèmù bàálù ogun wo ló lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan tí kò lágbára púpọ̀, èsì mi kò tíì yí padà: IL-2 Sturmovik 1946 ni. Géèmù náà ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ Maddox Games ti Oleg Maddox, ní ìlú Moscow, ló ṣe IL-2 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001, Ubisoft sì bá wọn tà á. Forgotten Battles tẹ̀ lé e ní 2003, Pacific Fighters dé ní 2004, nígbà tó sì di ìparí 2006 wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan ṣoṣo, wọ́n pè é ní 1946. Bàálù Ogun Àgbáyé Kejì tí ẹ lè fúnra yín wà níbẹ̀ lé ní 200. Ó wà lórí Steam, ó wà lórí GOG, àwọn ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti géèmù tuntun rárá. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, tí kò ní káàdì àwòrán kankan lọ́tọ̀, ó ń lọ geere.

Àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n tà fún mi gan-an ni mò ń gbá lónìí. Èyí tí mò ń gbá ti gba ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fi bàálù kún un, wọ́n fi máàpù kún un, wọ́n tún ìró ẹ́ńjìnnì ṣe. Irú àtúnṣe báyìí là ń pè ní mod, òun ló sì ń fa awuyewuye láàárín àwa tí a fẹ́ràn géèmù náà, ó sì ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú mod ni kò lò ó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yìn ín kò tíì bá ẹlòmíràn gbá géèmù náà rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ti ṣe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ tèmi.

Kí 2007 tó dé, géèmù yìí wà ní títì pa ni. Inú àwọn fáìlì ńláńlá tí orúkọ wọn parí sí SFS ni wọ́n kó ohun gbogbo sí, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí wọn. Ohun tí wọ́n gbà wá láyè láti ṣe kò ju pé ká kọ iṣẹ́ ogun tuntun, ká sì kun ara bàálù bó ṣe wù wá. Àwòrán BMP lásán ni ọ̀dà náà, 1024 lórí 1024, àwọ̀ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 256 lọ. Inú ààyè kékeré yẹn làwọn kan ti ń kun bàálù tó jẹ́ pé ẹ óò rí ibi tí èéfín ẹ́ńjìnnì ti dúdú sí lára, àti ibi tí bàtà awakọ̀ ti họ ìyẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi tì í pa kò ṣòroó yé. Àwọn géèmù bàálù kan tó ṣáájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojóró kàn máa ń ṣí fáìlì kan ni, á fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á sì jáde lọ máa já àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́. IL-2 kò gbà fún ìyẹn. Tí ẹnì kan bá yìnbọn já yín bọ́, ẹ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n gbá jù yín lọ ni, kò sí àlàyé mìíràn.

Ní 2007, àwọn kan rí àwọn fáìlì náà ṣí. Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ apá tó pọ̀ nínú géèmù náà, nítorí náà, kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u wò dé ìdí: bí bàálù ṣe ń fò, bí ọta ṣe ń ṣe ara irin, iye epo, ìwọ̀n ẹrù. Inú ẹgbẹ́ kan dùn, ẹgbẹ́ kejì fárí gá. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé, “Àbúrò, láti òní lọ, tí wọ́n bá já mi bọ́, mi ò ní mọ̀ bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gbá ni o, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ.” Òótọ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé ìbẹ̀rù wọn kò ní ìdí, kò mọ bó ṣe máa ń rí lára téèyàn bá fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí bàálù lẹ́yìn ọ̀tá, kí ẹlòmíràn wá fi fáìlì kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀ di asán.

Síbẹ̀, ibi tí mo dúró sí ni pé irú mod méjì ni a ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ọ̀kan ń fi ohun tí kò sí kún géèmù. Èkejì ń yí òṣùwọ̀n tí gbogbo wa jọ ń lò padà.

Ẹ wo Avenger, bàálù tó ń ju tọ́pídò tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò káàkiri òkun Pàsífíìkì láti 1942. Nínú géèmù tí wọ́n tà, ẹ óò rí i tó ń fò, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan ló lè wà á. Téèyàn bá ra géèmù ogun Pàsífíìkì tí kò sì lè jókòó sínú Avenger, ohun ńlá ló sọnù. Àwọn tó ń ṣe mod ló ṣí i sílẹ̀ fún wa. Bákan náà ni máàpù ojú òkun tó wà láàárín England àti Faransé, níbi tí wọ́n ti ja ogun òfuurufú 1940. Spitfire àti Hurricane ti Gẹ̀ẹ́sì wà, Bf 109 ti Jámánì wà, máàpù tí wọ́n ti jà gan-an ni kò sí, àfi ìgbà tí àwọn olólùfẹ́ géèmù fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ta ni ìyẹn rẹ́ jẹ?

Irú kejì, ẹ jẹ́ ká fi ayò wé e. Ọmọ ayò mẹ́rin ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá nìkan jókòó sílé yín tí ẹ fẹ́ fi mẹ́fà sí i, ẹ tẹ̀ síwájú. Àmọ́ tí ẹ bá jókòó ti èmi tí ẹ sì rọra fi mẹ́fà sí ihò tiyín, ìyẹn kì í ṣe ayò mọ́. Ẹni tó bá ń fi kún agbára ìbọn bàálù rẹ̀, tó sì wọ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń bá ara wa pàdé lórí rẹ̀ láti jọ gbá, tí àwọn yòókù kò sì mọ̀, màgòmágó ló ń ṣe.

Mod kan wà tó wà láàárín méjèèjì, òun ló jẹ́ kó dá mi lójú jù pé àríyànjiyàn yìí kò rọrùn. Ẹni tó bá ti wa Fw 190 ti Jámánì nínú géèmù yìí mọ irin tó dábùú sábẹ́ gíláàsì ìfojúsùn. Nínú bàálù gidi, gíláàsì iwájú nípọn, ó sì dagun, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá máa ń tẹ̀, ìtẹ̀ yẹn ló ń mú kí irin náà dà bíi pé ó tín-ín-rín lójú awakọ̀. Géèmù kò ṣírò èyí. Nítorí náà, irin náà nípọn gbàgìdì, ó sì bo ibi tó yẹ kí ọ̀tá wà gan-an nígbà tí ẹ bá fẹ́ yìnbọn sí i bó ṣe ń yí kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jà lórí irin yìí, àwọn tó ṣe géèmù kò yí i padà. Àwọn tó ń ṣe mod tún ibi ìjókòó awakọ̀ náà kọ́. Ṣé ojóró ni? Ní tèmi, ó sún mọ́ òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń lò ó nígbà tí mo bá ń dá gbá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń bá ẹlòmíràn jà, ojú tó ríran jù mí lọ tàbí tí mo fi ríran jù ú lọ, àǹfààní ni. Ẹni tó ni sáfà ló yẹ kó pinnu, kí ó sì sọ ọ́ kí a tó wọlé.

Ohun tí ó sì padà ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Sáfà tó bá fi checkRuntime, ìlà kan nínú ètò rẹ̀, sí 2 máa ń yẹ fáìlì géèmù yín wò, tó bá rí mod, kò ní gbà yín láyè. Àwọn mìíràn gba mod, àmọ́ irú kan náà ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ ní. Láti ìgbà náà, ara mi balẹ̀ lórí sáfà méjèèjì.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń bú mod kì í fẹ́ sọ. Àwọn olólùfẹ́ géèmù kan kóra jọ, wọ́n ń jẹ́ Team Daidalos, wọ́n gba àṣẹ, wọ́n sì ń bá géèmù náà lọ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ló gbé ẹ̀dà 4.10 géèmù náà jáde ní 2010: láti ìgbà yẹn, tí ẹ bá fa igi ìdarí ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí eré bàálù pọ̀, ara bàálù á bàjẹ́, ìyẹ́ sì lè já. Ẹ tún lè fi rédíò wá ọ̀nà bọ̀ wálé. Ní 2012, 4.11 tún ọgbọ́n bàálù tí kọ̀ǹpútà ń wà ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì wọn kì í gbóná bíi tiwa, wọn á kàn máa gòkè lọ ni, ẹ óò sì máa lé wọn títí. Iṣẹ́ olólùfẹ́ géèmù lèyí náà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí mod yòókù ni àṣẹ.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ lílò. Ẹ ṣe ẹ̀dà fóldà géèmù náà sí méjì, kí ọ̀kan má ní mod rárá. Nínú èkejì, ẹ lo JSGME, irinṣẹ́ kékeré tó ń tan mod, tó sì ń pa á láìba fáìlì ìpìlẹ̀ jẹ́. Àkójọ mod mẹ́ta ni mo lè dárúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á, SAS Modact ni kó gbà. Ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíràn jà, HSFX dára fún un. B.A.T. ló tóbi jù, láti Ogun Àgbáyé Kìíní títí dé ìgbà jẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n dátà tó ń jẹ kò kéré. Ẹ wá ẹni tó ti ní in kẹ́ ẹ fi háàdì dáìfù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sì pé tán. Nínú fáìlì air.ini, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún bàálù kan. Tí ìlà kan bá wà níbẹ̀ tí fáìlì bàálù yẹn kò sí nínú fóldà, géèmù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kó dé àárín, kó dúró, kó sì pa ara rẹ̀ láìsọ ohun tó dé. Inú fáìlì log.lst, níbi tí géèmù ti ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ni kí ẹ lọ wo ìdí rẹ̀. Àwọn bàálù mod kan wà tó jẹ́ pé ibi ìjókòó bàálù mìíràn ni wọ́n yá lò nínú wọn. Àwọn kan ń fò lọ́nà tí kò jọ òótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ síra, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn géèmù tuntun ti kọ́gbọ́n. Nínú DCS, géèmù bàálù ogun mìíràn, bàálù jẹ́ẹ̀tì A-4E-C tí àwọn olólùfẹ́ ṣe, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán débi pé ọ̀pọ̀ sáfà gbà á. IL-2 tuntun náà ní ibi tí ẹ ti lè tan mod tàbí kí ẹ pa á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí méjèèjì ń béèrè kì í ṣe ti àpò mi.

Máàpù kan wà tí mo ń wá. Láti 1940, nígbà ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó Hurricane wá sí Takoradi, ní Gánà òde òní, nínú àpótí, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wà wọ́n gba Èkó, Kánò àti Maiduguri lọ sí Khartoum títí dé Íjíbítì. Mo ti rí máàpù aṣálẹ̀ tí wọ́n ṣe fún Àríwá Áfíríkà, mi ò tíì rí ti ọ̀nà yìí. Tí ẹnì kan bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí mo ti lè gbà á. Tí ẹnì kan bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe máàpù, mo ti ṣe tán láti bá a ṣe é.