Mágàádì Inú Ọgbà àti Ẹ̀ṣọ́ Ilé-iṣẹ́ ní Ìkòyí
Mágàádì tí ń gbé inú ọgbà ilé alájà púpọ̀ ní Ìkòyí mọ ayálégbé kọ̀ọ̀kan, ó mọ fèrè ọkọ̀ wọn, òun náà ni ó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ lóru. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kì í tó, nítorí kò sí ẹni tí ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ aláàbò máa ń lọ sílé bí àsìkò rẹ̀ bá pé, àjọ Sífù Dìfẹ́ńsì ni ó sì ń fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ, bí òfin ọdún 1986 lórí ilé-iṣẹ́ aláàbò aládàáni kò tilẹ̀ gba ẹ̀ṣọ́ náà láàyè láti gbé ìbọn. Mágàádì ni èmi yóò yàn, bí a bá gba ẹnì kejì kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbọ́.