Àyẹ̀wò géètì rélùwéè kan ní Ìbàdàn

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń dábùú irin rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe fún wa níbẹ̀ láti dá mọ́tò dúró kí ọkọ̀ ojú irin tó kọjá ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun èlò ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ọ̀pá irin méjì tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun ni, tí wọ́n so òkúta mọ́ ìdí wọn kí wọ́n lè rọrùn láti gbé sókè, pẹ̀lú àsíá pupa kan, àsíá aláwọ̀ ewé kan, àti bàbá kan tó ń jókòó sí ahéré páànù lẹ́bàá irin. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á pe bàbá lórí fóònù, òun náà á tú okùn, ọ̀pá á wálẹ̀, yóò sì na àsíá pupa sí àwọn onímáíkírà tí fèrè wọn kì í sinmi. Mo wo aago lọ́jọ́ kan: ìṣẹ́jú méje ni a fi dúró kí ẹ́ńjìnnì tó yọ. Kí ìṣẹ́jú méje tó pé, àwọn ọlọ́kadà ti ń tẹ orí ba gba abẹ́ ọ̀pá kọjá.

Ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1901, nígbà tí rélùwéè láti Èkó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n mìíràn ti wà lóde ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1872, William Robinson ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ètò kan tó jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Iná bátìrì tí kò lágbára ni wọ́n ń rán gba inú irin méjèèjì, iná yìí ni ó sì ń di apá kékeré kan mú sókè nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní relay. Bí ọkọ̀ bá ti gun irin náà, iná á gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjá láti irin kan sí èkejì, kò ní dé ọ̀dọ̀ relay mọ́, apá náà á já wálẹ̀, ìkìlọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé bí bátìrì bá kú, tí wáyà já, tàbí tí irin ṣẹ́, apá náà á já wálẹ̀ bákan náà. Bí tiwọn bá bàjẹ́, mọ́tò ni yóò dúró. Ní tiwa, bí bàbá bá lọ ra àkàrà, òkè ni ọ̀pá wà.

Lẹ́yìn èyí ni àwo pupa tó ń fì bí ọwọ́ ẹni tó mú fìtílà dé ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà iná pupa méjì tó ń ṣẹ́jú fúnra wọn. Gílóòbù inú wọn kì í sábà ju wáàtì 18 tàbí 25 lọ, nítorí náà bí dígí iwájú rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ kò ní rí i dáadáa. Iná LED, irú iná tuntun tó rọ́pò gílóòbù, kò ní wàhálà yẹn, kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn tún dé tó ń ṣírò eré ọkọ̀, kí èyí tó ń rọra bọ̀ má baà dá èèyàn dúró ju èyí tó ń sáré lọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ìkìlọ̀ má dín ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ fi wé ìṣẹ́jú méje wa. Àmọ́ ṣá, bí àwọn olè bá gé wáyà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbí, iná á máa ṣẹ́jú láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì ní pẹ́ tí kò ní sí ẹni tí yóò kà á sí mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yin bàbá. Ní òjò ọdún tó kọjá, ọkọ̀ alómi inú ọ̀rá kan kú sórí irin, bàbá sì sáré gba ojú irin lọ pẹ̀lú àsíá pupa títí awakọ̀ ojú irin fi rí i. Nígbà tí mo kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá,” ó ní, “Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní tọ́ọ̀ṣì.”

Nínú mẹ́wàá, mo fún bàbá ní mẹ́jọ, mo fún ohun èlò ní méjì. Iná LED méjì tó ń lo sólà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, àti tọ́ọ̀ṣì bàbá, ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí.