Kọntírólà ìta àbí hítà kékeré méjì?

Hítà inú táǹkì ẹja omi iyọ̀ kì í kàn kú jẹ́ẹ́. Èyí tó burú jù ni kí irin tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, kí iná má lè kú mọ́. Omi tó yẹ kó wà ní 25 sí 26 °C á máa gbóná lọ, iyùn abẹ̀mí inú rẹ̀ á ṣí àwọ̀, ẹja á kú.

Bí ẹ bá ra kọntírólà, ìyẹn ẹ̀rọ ìta táǹkì tó ń gé iná hítà bí omi bá gbóná jù, inú rẹ̀ lẹ ó ki púlọ́ọ̀gì hítà sí, ẹ ó sì ju sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń wọn ìgbóná sómi. Ẹ fi hítà sí 25.5, kọntírólà sí 26.5. Hítà ló ń ṣiṣẹ́, kọntírólà kàn ń ṣọ́ ọ ni. Àwọn kan a máa yí ti hítà dé òkè pátápátá. N kò fara mọ́ ọn. Bí sẹ́ńsọ̀ bá yọ kúrò nínú omi, afẹ́fẹ́ tútù ló máa kà, iná ò sì ní kú.

Hítà 150 watt méjì dípò 300 kan rọrùn jù. Tí ọ̀kan bá lẹ̀, omi ò ní tètè gbóná. Tó bá kú, èkejì á dì í mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa pa èyí tó lẹ̀. Fún táǹkì kékeré, kọntírólà ni tèmi.