Dubai, Istanbul àti Guangzhou: Ìlú Wo Ló Ṣe Oníṣòwò Aṣọ Lóore Jù?

Ẹni tó bá gbéra ní Èkó lọ ra aṣọ ní òkè òkun kì í fi ojú afẹ́ wo ìlú. Ohun tó ń wò ni iye wákàtí tí ìlú náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ìdí ọjà, iye ènìyàn tí yóò jẹ èrè láàárín òun àti ẹni tó hun aṣọ, àti bóyá ohun tó fọwọ́ bà nínú ìsọ̀ ni yóò bá nínú ẹrù nígbà tó bá tú u nílé. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi wọn ìlú mẹ́ta tí àwa tí à ń tajà ní Balógun mọ̀ bí ẹní mowó.

Dubai ni ọ̀pọ̀ lára wa kọ́kọ́ ń lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti so owó dirham mọ́ dọ́là, tí dọ́là kan ń jẹ́ dirham 3.6725, nítorí náà ìṣirò tí a bá fi dọ́là ṣe láti ilé kì í yí padà bí a bá débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, kò ní awakọ̀, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn obìnrin àti ọmọdé. Láti àdúgbò Deira, dirham kan péré ni ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní abra ń gbà láti gbé ènìyàn sọdá sí Bur Dubai, níbi tí ọjà aṣọ wà. Síbẹ̀, Íńdíà, Ṣáínà àti ibòmíràn ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ náà wá. Alágbàtà ni à ń bá nájà níbẹ̀, èrè tirẹ̀ sì ti wà nínú iye tó pè kí àwa tó yanu. Ìlú náà dára fún ẹni tó fẹ́ ra díẹ̀ kíákíá kó sì padà sílé, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ yáàdì.

Aṣọ tí wọ́n ti rán ni mo ń torí rẹ̀ lọ sí Istanbul, àdúgbò Laleli sì ni ibùdó wa. Ọkọ̀ ojú irin orí títì tí wọ́n ń pè ní T1 ń dúró síbẹ̀ gan-an. Àwọn oníṣòwò láti Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè àyíká rẹ̀ ló sọ Laleli di ọjà ńlá lẹ́yìn tí Soviet Union tú ká ní ọdún 1991, èdè wọn sì ṣì wà lára pátákó ìsọ̀ títí di òní. Ohun tí mo mọrírì jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ló ní ilé ìránṣọ tirẹ̀ tàbí tó ń bá ọ̀kan ṣiṣẹ́ nítòsí, tó fi jẹ́ pé bí a bá béèrè irú òwú tó wà nínú aṣọ, a ó rí ìdáhùn gidi gbà. Wọn kì í sábà tú ọjà: ìdìpọ̀ tó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n ń tà, ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá sanra gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó. Pápákọ̀ òfurufú jìnnà sí Laleli, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà kò yẹ kí oníṣòwò gúnlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Guangzhou, ní Ṣáínà, ni mo fi ṣíwájú àwọn méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo ìnira rẹ̀. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá tí ayé mọ̀ sí Canton Fair níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, àdúgbò Pazhou sì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, aṣọ sì wà nínú ìkẹta, tó sábà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àti sí ìparí oṣù Kẹwàá wọ Kọkànlá. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹ̀rọ àti ohun èlò iná mànàmáná ni ẹni tó bá dé láàárín oṣù Kẹrin yóò bá níbẹ̀.

Ìnira tó tóbi jù ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti dínà WhatsApp àti Google, bẹ́ẹ̀ orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà wa ti ń yan àwọ̀. Síìmù tí a gbé láti ilé, tí a ti ṣí fún ìlò ní òkèèrè, sábà máa ń gbà á wọlé, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n. Ti owó sísan ti dẹ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2023 ni Alipay àti WeChat, tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù níbẹ̀, ti túbọ̀ ṣílẹ̀kùn fún káàdì àwọn àlejò. Ẹni tó bá sì wọ̀ sí ilé ọ̀rẹ́ dípò òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24.

Ṣùgbọ́n ọjà aṣọ Zhongda, ní agbègbè Haizhu, sanwó gbogbo ìnira yìí padà. Ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó lọ sí Pazhou náà ló kọjá níbẹ̀, ìyẹn ojú irin kẹjọ, wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ ibùdókọ̀ pẹ̀lú. Léèsì, bùrókéèdì, sílíkì àti àǹkárá wà níbẹ̀ ju ohun tí ojú lè wò tán lọ. Àpẹẹrẹ ni wọ́n sábà ń so kọ́ sí ìsọ̀, ojúlówó ọjà wà ní ilé ìkẹ́rùsí tàbí ní ilé iṣẹ́ tó hun ún, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé àpẹẹrẹ aṣọ tí ẹ yàn sí méjì, kí wọ́n lẹ ìdajì mọ́ rìsíìtì tiyín, kí ìdajì kejì wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ náà sórí méjèèjì. Owó àsansílẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Bí bẹ́ẹ̀lì bá dé ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù, kí ẹ fúnra yín tú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ gbé ìdajì àpẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ yín lé e, kí ẹ tó san ìyókù.