Òòyà Iná àbí Fìlà Iná: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Fún Irun Tó Ń Re?

Onídìrí ni mí ní Lágere, nÍlé-Ifẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń béèrè gan-an nípa iná pupa tí wọ́n ń tàn sí orí kí irun lè padà hù. Òòyà rẹ̀ wà, fìlà rẹ̀ wà, owó gidi sì ni méjèèjì.

Ní 1967, Endre Mester, dókítà ará Họ́ngárì, fẹ́ mọ̀ bóyá lésà, ìyẹn iná tó ń tàn tààrà sójú kan, ń fa jẹjẹrẹ. Ó tàn án sára eku tí wọ́n fá. Jẹjẹrẹ ò mú wọn, irun wọn ló yára hù. Ní 2007, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí òòyà HairMax LaserComb fún ọkùnrin, ti obìnrin sì tẹ̀ lé e ní 2011.

Eyín òòyà náà ń la irun sọ́tọ̀, iná á sì kan awọ orí. Fún irun tiwa tó ki, òun ni mo fara mọ́. Àmọ́ ọwọ́ á ro yín: ìṣẹ́jú 8 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Fìlà ò ní wàhálà, ẹ kàn máa dé e ni. Ó dáa fún ọkùnrin tó ń gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dirun, tí ẹ fi attachment sí i, attachment ló máa jẹ iná yẹn. Ẹ béèrè bóyá lésà ló wà nínú ẹ̀ tàbí LED (gílóòbù wẹ́wẹ́ tí iná rẹ̀ ń tàn káàkiri), kí ẹ sì mú èyí tó ní bátìrì, torí ọ̀rọ̀ NEPA.

Pípá tó ń bá ìdílé rìn ni iná yìí wà fún. Tó bá jẹ́ ṣùkú líle ló fa irun etí yín tu, ẹ dá owó yín dúró, ẹ tú irun náà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ibi tó bá ti ń dán, tó ti di àpá, kò sí iná tó máa hu irun níbẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀; ará Iléṣà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild nítòsí.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé: oríṣi àwọ̀ ara mẹ́fà ni àwọn dókítà ń kà, láti orí ẹni tó funfun jù. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni FDA fọwọ́ sí òòyà yẹn fún. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ ní kí òǹtajà fi ibi tí wọ́n ti dárúkọ awọ dúdú hàn yín nínú ìwé ẹrù rẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ má tíì sanwó.